Aṣọ Rẹpẹtẹ, Àkísà Kò Sí

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àwọn tó pa òwe yìí rò pé ojúure ńlá ni wọ́n ṣe fún ọmọdé nígbà tí wọ́n gbà pé ó lè láṣọ tó àgbà. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ ogún ọdún, tí kò mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rí, yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí yóò sì pàtẹ ọ̀kẹ́ àìmọye aṣọ láìní ẹyọ kan ṣoṣo nílé.

Bí òwò náà ṣe rí nìyí. Ayàwòrán á gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí Redbubble, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Melbourne ní 2006, tàbí Zazzle, tàbí ìsọ̀ irú rẹ̀ tí Amazon ṣí ní 2015. Kọ̀ǹpútà á lẹ àwòrán náà mọ́ àyà tíṣẹ́ẹ̀tì, ara kọ́ọ̀pù, ẹ̀yìn fóònù àti ojú ìrọ̀rí, gbogbo rẹ̀ lórí àwòrán lásán. Aṣọ kankan ò tíì sí. Ìgbà tí ẹnì kan bá sanwó ni ẹ̀rọ á tó tẹ ẹyọ kan, tí wọ́n á dì í, tí wọ́n á fi ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ á mú tirẹ̀, ayàwòrán á gba èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ọjà tí kò tà kò kó gbèsè bá ẹnikẹ́ni. Àǹfààní gidi ni, nítorí ẹni tí kò lówó tí yóò fi tẹ ọgọ́rùn-ún aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà lè di aláṣọ lónìí. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe ò bá náni ní kọ́bọ̀, ta ni yóò fi ṣọgbọ́n?

Ìwádìí ọjà ni wọ́n fẹ́ fi dí àlàfo yẹn. Àwọn olùkọ́ òwò yìí pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà gbọ́ iye aṣọ tí àwọn fúnra wọn ti tà. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí ayàwòrán má tíì yàwòrán. Kí ó kọ́kọ́ lọ tẹ ọ̀rọ̀ kan sínú àpótí ìwákiri Amazon, kí ó wo bí àpótí náà ṣe ń parí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, torí ohun tí aráyé ń wá nìyẹn. Kí ó wo ipò tí aṣọ kọ̀ọ̀kan wà nínú títà. Kí ó lọ yẹ Google Trends wò, bóyá àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ náà ń pọ̀ sí i tàbí wọ́n ń dín kù. Lẹ́yìn náà, kí ó wá kọ̀rọ̀ tí òǹrajà ti pọ̀ tí òǹtajà ò sì tíì pọ̀. Aṣọ nọ́ọ̀sì ti kún àkúnya. Aṣọ nọ́ọ̀sì tó ń sin ológbò náà ti kún. Àmọ́ ti nọ́ọ̀sì iṣẹ́ òru tó ń sin ológbò, tó sì tún fẹ́ràn ẹja pípa, àyè ṣì wà níbẹ̀.

Báyìí ni ọmọ tó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí àwòrán lékeléke tó bà sẹ́yìn màlúù ṣe máa rí i pé kò sẹ́ni tó ń tẹ lékeléke sínú àpótí. Ó gbé ẹyẹ rẹ̀ tì. Ó fi lẹ́tà gbàǹgbà kọ gbólóhùn kan nípa nọ́ọ̀sì, ológbò àti ẹja. Ìgbà tó máa fi dé kọ̀rọ̀ náà, gbogbo ẹni tó gbọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, lẹ́tà gbàǹgbà kan náà sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹnì kan ti fi irú ìwádìí yìí ṣe yẹ̀yẹ́ kí òwò náà tó dáyé. Ní 1993, àwọn ayàwòrán méjì láti Rọ́ṣíà tó ń gbé ní New York, Vitaly Komar àti Alexander Melamid, gba ilé iṣẹ́ tó ń wádìí èrò aráàlú pé kí wọ́n bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè irú àwòrán tí wọ́n ń fẹ́. Ẹni 1,001 ni wọ́n bi. Àwọ̀ wo? Búlúù. Kí ni kí ó wà nínú rẹ̀? Omi, igi, òkè. Ẹranko ìgbẹ́ ńkọ́? Ó dáa. Gbajúmọ̀ inú ìtàn ńkọ́? Ìyẹn náà dáa. Àwọn méjèèjì bá yà á gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ: adágún omi, òkè, àgbọ̀nrín, ìdílé kan tó ń gbafẹ́ kọjá, àti George Washington láàárín gbogbo rẹ̀, tó dúró bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Wọ́n tilẹ̀ yà á kí ó tóbi tó ẹ̀rọ ìfọbọ́, nítorí ohun tí àwọn èèyàn wí nìyẹn. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní Kẹ́ńyà, ní Ṣáínà, ní Túrkì àti láwọn ilẹ̀ mìíràn, búlúù àti omi ló sì ń jáde ṣáá. Àwọn ará Holland ló yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú ìdáhùn rẹ̀. Síbẹ̀ àwòrán tó jáde kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Komar àti Melamid mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ làwọn ń ṣe.

Ti ilé iṣẹ́ Solid Gold Bomb kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1939, bí Ogun Àgbáyé Kejì ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé ìlẹ̀mógiri kan, “Keep Calm and Carry On”, pé kí aráàlú fara balẹ̀, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Wọ́n tẹ̀ tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀, ṣùgbọ́n agbára káká ni wọ́n fi lẹ díẹ̀ síta. Ó di 2000 kí ilé ìtàwé Barter Books ní ìlú Alnwick tó rí ẹyọ kan nínú àpótí ìwé àlòkù. Wọ́n gbé e kọ́ ògiri nítorí pé ó wù wọ́n. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n pé èló ni. Ìgbà tó yá, gbogbo ayé ń daṣọ rẹ̀.

Solid Gold Bomb, tó ń ta tíṣẹ́ẹ̀tì lórí Amazon, wo ọjà, wọ́n rí i pé “Keep Calm” ń tà. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà máa to ọ̀rọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò ní ìyá, kò sì lárábìnrin. Ó to gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó fún un. Ní oṣù kẹta 2013, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí aṣọ tó ń gba ọkùnrin níyànjú láti fipá bá obìnrin lò pọ̀ tàbí kí ó lu obìnrin. Ariwo ta. Amazon yọ wọ́n kúrò lórí àtẹ. Olórí ilé iṣẹ́ náà, Michael Fowler, tọrọ àforíjì, ó ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ló to ọ̀rọ̀ jọ. Ọdún yẹn ò parí kí wọ́n tó kógbá wọlé. Àkísà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní nìyẹn, ara aṣọ tí àwọn fúnra wọn ò fojú kàn rí ni wọ́n sì ti rí i.

Ohun tó tiẹ̀ máa ń tà gan-an kì í sábà sí nínú ìwádìí. Ilé iṣẹ́ The Mountain ní New Hampshire ní tíṣẹ́ẹ̀tì kan tí ìkookò mẹ́ta ti ń ké sí òṣùpá. Ní 2008, aláwàdà kan kọ ọ́ sórí Amazon pé látọjọ́ tí òun ti wọ̀ ọ́ ni àwọn obìnrin ò ti jẹ́ kóun gbádùn. Àwọn aláwàdà mìíràn dá sí i. Ní oṣù karùn-ún 2009, aṣọ ìkookò ló ń tà jù nínú gbogbo aṣọ orí Amazon. Àpótí ìwákiri wo ni ìbá sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀? Kò pẹ́ tí àwọn aláfarawé fi kó ológbò mẹ́ta sábẹ́ òṣùpá kan náà.

Kì í ṣe pé kí oníṣọ̀nà di ojú sí ọjà. Láyé àtijọ́, àwọn ìyá ọlọ́jà aṣọ ní Lomé, nílẹ̀ Tógò, tí wọ́n ń pè ní Nana Benz, nítorí ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n fi ń ṣẹsẹ̀ rìn, ni olùwádìí tí Vlisco ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Helmond ní Holland ni Vlisco ti ń tẹ ankara, láti 1846 ni ilé iṣẹ́ náà sì ti wà. Àwọn ìyá yìí ló ń sọ èyí tí yóò tà àti èyí tí kò ní tà, àwọn ló sì ń sọ aṣọ lórúkọ. Ọ̀kan wà tó ya ẹyẹ àti àgò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Orúkọ tó gbà lọ́jà ni “Bí o bá jáde, èmi náà á jáde.” Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń rìn lóru kò ní bá a fa ọ̀rọ̀. Yóò ró ìró náà, yóò gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò sì rọra jókòó kí ọkọ ráyè kà á dáadáa. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń kó ọjà. Èyí tí wọ́n bá ṣì yàn, ìsọ̀ wọn ló ń sùn sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aládìrẹ ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí oyè ní 1935, wọ́n gbé ojú ọba àti ayaba sórí àdìrẹ, wọ́n pè é ní Olọ́ba. Ọdún ayẹyẹ lọ tán, Olọ́ba ò lọ. Àwọn mìíràn ń tún un ṣe títí ojú ọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ti ará ilé wọn. Ní ti àwọn Nana Benz, ohun tó da òwò wọn rú kì í ṣe àìmọ ọjà. Ní oṣù kìíní 1994 ni wọ́n gé iye owó CFA, tí wọ́n ń ná ní Lomé, sí ìdajì, ankara Holland sì di ọ̀wọ́n gógó. Lẹ́yìn náà ni ayédèrú láti Ṣáínà dé.

Ẹ̀rọ ló wá gba iṣẹ́ ìyá ọlọ́jà báyìí. Ní ìparí 2019, àwọn ayàwòrán kíyè sí i pé bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán lórí Twitter pé òun fẹ́ èyí lára tíṣẹ́ẹ̀tì, rọ́bọ́ọ̀tì á ti jí àwòrán náà gbé, á sì ti pàtẹ rẹ̀ sórí ìsọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó mọ olówó rẹ̀. Ni wọ́n bá dẹ pańpẹ́. Ẹnì kan kọ ọ́ sínú àwòrán pé iṣẹ́ olè ni ìsọ̀ yìí ń tà, kí ẹnikẹ́ni má rà á. Àwọn tó kù rọ́ wá sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ lára aṣọ. Ẹlòmíràn ya eku Disney, ó sì kọ ọ́ sí i pé àwọn tó ń ta aṣọ yìí ń bẹ Disney kó jọ̀ọ́ wá pe àwọn lẹ́jọ́. Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì ò jáfara. Kò pẹ́ tí àwọn aṣọ náà fi wà lórí àtẹ, pẹ̀lú iye owó wọn, ní oríṣiríṣi àwọ̀.