Ta Ní Ń Jẹ Ẹyin Àwọn Ọmọ Wa?

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó ń dùn mí, kó má baà di àìsàn sí mi lára. Mò ń san owó oúnjẹ fún ọmọ mi ní jẹ́lé-ó-sinmi, oúnjẹ náà ò sì dé ikùn ọmọ. Owó ilé-ìwé lọ́tọ̀, owó oúnjẹ lọ́tọ̀, owó bísíkíìtì lọ́tọ̀. Bí a bá tún wọ sáà tuntun, wọ́n á gbé ìwé lé wa lọ́wọ́, ó gùn bí ìwé ẹrù ìyàwó: tíṣù, ọṣẹ ìfọwọ́, páḿpásì, àti mílíìkì agolo ńlá kan. Irú mílíìkì bẹ́ẹ̀, èmi àti ìyá ọmọ ò jẹ́ ra á fún ara wa. Síbẹ̀ tíì tí wọ́n ń pò fún àwọn ọmọ, bí ẹ bá gbé ife rẹ̀ ka orí ìwé ìròyìn, ẹ ó ka ìròyìn náà dópin láti òkè ife.

Ìwé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ wà lára ògiri, lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí òjò má baà bà á jẹ́. Ọjọ́ Ajé, ẹ̀wà àti dòdò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja. Ọjọ́rú, sùpàgẹ́tì àti ẹyin. Ọjọ́bọ̀, àmàlà, ewédú àti ẹran. Ọjọ́ Ẹtì, jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìẹ. Wọ́n wá ya ọsàn ńlá kan sísàlẹ̀ rẹ̀. Ọsàn yẹn nìkan ni èso tí mo tíì fojú rí nínú ọgbà náà.

Ayọ̀ ọmọ mi ò tíì pé ọmọ ọdún 2, kò lè wí tẹnu rẹ̀. Bíbù tí wọ́n ń so mọ́ ọn lọ́rùn bó bá ń jẹun ló ń bá a jẹ́rìí. Bí mo bá ti dé nírọ̀lẹ́, kí n tó bọ́ bàtà, màá gba bíbù rẹ̀, màá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, màá sì gbóòórùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní orí mi ti ń yí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n kọ ẹja sí, àbàwọ́n tòmátò inú agolo ni mo bá, kò sí òórùn ẹja níbẹ̀. Ẹja tí yóò wọlé tí yóò jáde láì fi òórùn sílẹ̀, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ọjọ́bọ̀ tí ewédú yẹ kó ti yọ̀ dé àyà aṣọ, indomí ni mo yọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti le.

Lọ́jọ́rú kan, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo yà síbẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ jókòó yíká lórí ẹní, àǹtí wọn wà lórí àpótí, abọ́ sùpàgẹ́tì kan wà níwájú rẹ̀. Ṣíbí kan ló ń tẹnu ọmọ yìí bọ́ sẹ́nu ọmọ tọ̀hún. Ẹyin bíbọ̀ kan wà nínú àwo pẹrẹsẹ. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́! Àǹtí yọ òwú ìránṣọ, ó fi eyín di orí kan mú, ó wé orí kejì mọ́ ìka, ó fa á gba inú ẹyin kọjá: ó di méjì. Ó tún fà á: ó di mẹ́rin. Ó tún yí àwo náà, ó di mẹ́jọ. Àwọn tó ń ta ìrẹsì lẹ́bàá ọ̀nà máa ń fi òwú gé ẹyin, mo mọ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà wọn á ṣì rí ohun tó ń jẹ. Pupa ẹyin ti tú dà sínú àwo. Funfun tín-ín-rín kan ló kan Ayọ̀. Ó mú un, ó yí i wò síwá sẹ́yìn, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí ọmọ tó jókòó tì í. Èmi ò bá a wí. Bí wọ́n bá fún èmi náà, bóyá ohun tí n bá fi ṣe nìyẹn.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹyin náà mà rèé?”

Ó ní, “Ẹ má bínú, Dádì Ayọ̀. Ohun tí wọ́n bá gbé fún mi ni mò ń pín.”

Mo gbà á gbọ́. Mo mọ iye tí wọ́n ń san fún irú wọn lóṣù. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló jẹ ìyókù, n ò ní bá a jà, kí wọ́n ṣáà sọ fún mi pé ènìyàn méjì ni mò ń bọ́, kí n mọ bí n ó ṣe ṣètò owó oṣù mi.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ lọ́dún 2023 pé ó yẹ kí ọmọ oṣù 6 sí 23 máa rí ẹran tàbí ẹja tàbí ẹyin jẹ lójoojúmọ́. Lójoojúmọ́ o! Àwọn àgbà wa náà nìyí tí wọ́n gbà pé ọmọ tí ń jẹ ẹyin, olè ni yóò dà. Ilé-ìwé tí kì í jẹ́ kí ọmọ sọ Yorùbá lẹ́nu géètì, èèwọ̀ yìí nìkan ni wọ́n mú nínú àṣà. Ṣùgbọ́n ẹyin tí a sanwó rẹ̀, ẹnìkan ń jẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ẹyin ń sọ ènìyàn di olè, a kúkú ti mọ ibi tó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ẹ má sọ fún mi pé ọjà ló gbówó lórí. Mo mọ̀, ọjà kan náà la jọ ń ná. Ẹ̀wà lílọ̀ tí a bu edé sí, kì í ṣe oúnjẹ ọba. Ní Òṣòdì, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ń po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì fún àwọn ọmọdé kí wọ́n tó bí èmi gan-an. Ní ilé-ìwé tiwa, ògì lásán ni, ṣúgà ló pọ̀ níbẹ̀, ọmọ á mu ún, á sùn, ariwo á sì dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n pe àwọn òbí sí ìpàdé, a lo àkókò gígùn lórí ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde: gáàùnù àti fìlà onígun mẹ́rin fún àwọn tí páḿpásì ṣì wà nídìí wọn. Ìjà àwọ̀ gáàùnù ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Nígbà tó parí, mo dìde, mo béèrè ẹyin.

Màámì tó ni ilé-ìwé rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, “Dádì Ayọ̀, ọmọ yín gan-an ni kì í jẹun o. Oúnjẹ ló fi ń ṣeré.”

Bàbá kan lẹ́yìn mi ní, “Brọ̀dá, ẹ jókòó jàre. Ẹ lọ se ẹyin nílé.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Lójú ọ̀nà, ìyàwó mi ní, “Bàbá Ayọ̀, ẹ rọra o. Ọwọ́ wọn lọmọ wà láti àárọ̀ dalẹ́.” Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú gbogbo wa.

Àwọn nọ́ọ̀sì ni kò rọra ní tiwọn. Nígbà tí a gbé Ayọ̀ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n tọ́ka sí ìlà tó wà nínú káàdì rẹ̀: ó ń gòkè bọ̀ títí dé oṣù tó wọ ilé-ìwé, láti ibẹ̀ ló ti tẹ́jú gbalaja. Káàdì tí wọ́n fi ń tọpa ìwọ̀n ọmọ yìí kò sì jìnnà sí wa o. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, lábẹ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild ti Iléṣà, ni dókítà òyìnbó kan, David Morley, ti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi wá kọ́ ọ lọ́wọ́ wa. Ọmọ tiwọn ń sanra. Tiwa ń yá gáàùnù.

Ìjọba ńkọ́? Ọ̀ṣun gbé O'Meals, ètò oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé, dìde lọ́dún 2012, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2016 fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta. Ayọ̀ kéré jù fún un, ilé-ìwé aládàáni ló sì wà. Kí oúnjẹ ìjọba tó kàn án, ó gbọ́dọ̀ dàgbà. Kó sì tó dàgbà, ó gbọ́dọ̀ jẹun.

Ìwé owó sáà tuntun dé lánàá. Wọ́n ti fi owó kún owó oúnjẹ, wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́: ẹyin ti wọ́n lọ́jà.

Mo ti pinnu. Èmi fúnra mi ni n ó gbé páálí ẹyin lọ, ọgbọ̀n géérégé, n ó sì fi bírò kọ orúkọ Ayọ̀ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún ìyá rẹ̀. Kò gbójú sókè níbi tó ti ń ká aṣọ.

Ó ní, “Wọ́n á ní ó fọ́ ni.”