Ilé Tí A Kò Wò, Orúkọ Tí A Ń Sọ

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Láyé àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kò ní àdììtú nínú. Ọmọ tó dé lẹ́yìn ikú bàbá àgbà ń jẹ́ Babátúndé, èyí tí wọ́n bí sójú ọ̀nà ń jẹ́ Abíọ́nà, èyí tó bá ọdún dé ń jẹ́ Abíọ́dún. Ohun tó wà nílé ló ń pe orúkọ. Ṣùgbọ́n láyé òde òní, àwọn orílẹ̀-èdè pẹ̀lú ti ń sọ ara wọn lórúkọ. Wọ́n á wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dùn létí, wọ́n á kọ ọ́ sára pátákó, kí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lókè òkun lè rí i kí wọ́n sì wá náwó. Níbi iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti dorí òwe náà kodò: wọ́n á sọ orúkọ tán, wọ́n á wá máa retí kí ilé lọ bá a.

Nàìjíríà mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Láyé ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ó jẹ́ “Heart of Africa”. Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, Dora Akunyili tó jẹ́ mínísítà ìròyìn sọ ọ́ ní “Good People, Great Nation”. Nígbà tó di ọdún 2013, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́ tún sọ ọ́ ní “Fascinating Nigeria”. Orúkọ mẹ́ta láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, fún ọmọ tó ti lé ní ogójì ọdún kí wọ́n tó gbé e jáde! Irú ìkómọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í yàtọ̀ síra: gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ńlá, aṣọ tí wọ́n fi bo pátákó, ọlọ́lá tí yóò fa aṣọ náà, àti àwọn oníjó tí wọ́n ti wọ ẹ̀wù ìbílẹ̀ láti àárọ̀ tí òógùn sì ti bò wọ́n. Kò sí oyin, kò sí orógbó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkíni pọ̀. Bí mínísítà bá fi ipò sílẹ̀, orúkọ náà á bá a lọ. Abíkú ni. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó lè sọ ọ́ ní Málọmọ́, nítorí mínísítà tuntun ti mú orúkọ tirẹ̀ wá látilé.

Èyí kò ní kí orúkọ má wúlò. New Zealand ti ń jẹ́ “100% Pure New Zealand” láti ọdún 1999, Íńdíà ti ń jẹ́ “Incredible India” láti ọdún 2002. Ìjọba dé, ìjọba lọ, orúkọ dúró, ayé sì ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, orúkọ rere a máa di ẹ̀sùn sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ìgbẹ́ màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn odò New Zealand jẹ́, orúkọ yẹn gan-an ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ibẹ̀ gbé sókè tí wọ́n fi bá ìjọba wọn wí.

Ìwà òpè kan tún wà tó ju àìwolé lọ, ìyẹn ni kí wọ́n lọ wo ilé onílé. Ní ọdún 2023, Philippines gbé “Love the Philippines” jáde. Fídíò tó bá a wá dùn ún wò, àfi ìgbà tí àwọn tí ojú wọn mú wò ó títí tí wọ́n rí i pé ti Bali ní Indonesia ni oko ìrẹsì inú rẹ̀, tí iyanrìn rẹ̀ sì ti Brazil àti Dubai wá. Ilé iṣẹ́ ìpolówó tó ṣe é tọrọ àforíjì, ìjọba sì já àdéhùn wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá pani lẹ́rìn-ín ni pé Philippines ní oko ìrẹsì tirẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ bí àtẹ̀gùn sára òkè ní Ifugao, tó sì ti wà nínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 1995. Àwọn tí wọ́n rán níṣẹ́ kò dé ẹ̀yìnkùlé. Lithuania ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn: àwòrán Finland àti Slovakia ló fi polówó ara rẹ̀, orúkọ tó sì sọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni “Real is Beautiful”, pé ohun tó bá jẹ́ òótọ́ ló rẹwà.

Rwanda ni tirẹ̀ sún mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà jù, nítorí wọ́n ń sọmọ lórúkọ níbẹ̀ ní ti gidi. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ń ṣe Kwita Izina ní ẹsẹ̀ àwọn òkè ayọnáyèéfín, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ gorílà tuntun lórúkọ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń fún ọmọ tiwọn. Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, àwọn olùṣọ́ igbó ti mọ ìyá ọmọ, wọ́n ti mọ agbo tó wà. Láti ọdún 2017, àlejò láti òkè òkun tó bá fẹ́ fi wákàtí kan wò wọ́n ń san 1,500 dọ́là. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé láti inú àwọn ọgbà ẹranko Rwanda sì ń padà sọ́dọ̀ àwọn abúlé tó yí igbó ká. Àgbẹ̀ tí owó gorílà bá kọ́ ilé ìwé sí àdúgbò rẹ̀ kò ní yá a lára láti dẹ pàkúté. Wọ́n ti fòfin de báàgì ọ̀rá láti ọdún 2008, bó bá sì di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tolówó tòtòṣì á jáde wá tún ìlú ṣe. Ó di oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn Kwita Izina àkọ́kọ́, kí “Visit Rwanda” tó hàn lápá aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal. Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ ṣe bíi Rwanda, iye tí Arsenal gbà ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Iye tí ará abúlé ń gbà kì í wá sí i lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé Rwanda fúnra rẹ̀ kò tíì wò tán: ní ọdún 2025, ìjọba Kóńgò kọ̀wé sí Arsenal, Bayern Munich àti Paris Saint-Germain pé kí wọ́n fi àdéhùn “Visit Rwanda” sílẹ̀ nítorí ọwọ́ Rwanda nínú ogun ìlà oòrùn Kóńgò. Apá aṣọ kò gùn tó láti bo ẹnubodè.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wà nínú ìwé UNESCO láti ọdún 2005. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, àwọn olórìṣà máa ń wá láti Brazil, láti Kúbà, láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú aṣọ funfun nínú ẹrù wọn. Kì í ṣe “Fascinating Nigeria” ló pè wọ́n. Ọ̀ṣun ló pè wọ́n, ilé ìyá ńlá wọn ni wọ́n sì ń bọ̀. Bí Arugbá bá ti gbé igbá dé etí odò, kẹ́ẹ̀gì àti ìgò á yọ lọ́wọ́ èrò, kóńkó jabele, kálukú á máa bu omi tirẹ̀. Omi ọ̀hún ti pọ́n bí omi amọ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ń fọ erùpẹ̀ sínú rẹ̀. Nígbà ọdún ti 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu ún. Odò tí àlejò sọdá òkun wá bu omi rẹ̀ sínú ìgò! Kò sí gbólóhùn tí olùpolówó lè kọ sábẹ́ ìyẹn. Ẹni tó bá lè lé awakùsà kúrò lókè odò wúlò fún ìrìn-àjò afẹ́ ju ayàwòrán mẹ́wàá lọ.

Orúkọ kan wà tó mọ́ Èkó lára láìsí ìkómọ kankan: “Detty December”. Mínísítà kọ́ ló sọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ló wo ilé: wọ́n rí òde aṣọ ẹbí lọ́sàn-án, eré orin tó ń dilẹ̀ mọ́, àti àwọn ọmọ tó wálé láti London àti Houston tí pọ́n-ùn àti dọ́là wọn ti di òbítí náírà. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, ó sì bá a mu rẹ́gí, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ àti owó òtẹ́ẹ̀lì tó ga fíofío náà sì wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí ariwo ti ta tán ni ìjọba sáré gbé àga wá síwájú.

Ilé wíwò tó kù kò ní ìlù nínú, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi yá ẹnikẹ́ni lára. Kì í ṣe mínísítà ló ń kí àlejò káàbọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Òṣìṣẹ́ tó gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni, tó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan títí yóò fi yé àlejò pé kì í ṣe òǹtẹ̀ ló ń wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aṣọ́bodè, lẹ́yìn aṣọ́bodè ni ẹni tó ti di kẹ̀kẹ́ ẹrù mú láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ni ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Ìkíni kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, ì báà jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun: “Ẹ kú wíkẹ́ńdì o, sà!” Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àlejò ti lè gba físà Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfojú kan ẹnikẹ́ni. Ìtẹ̀síwájú gidi ni, ó sì ti ṣe ju ohun tí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe lọ. Kọ̀ǹpútà kò mọ “ẹ kú wíkẹ́ńdì” í kí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń dúró kí ọkọ̀ òfurufú balẹ̀.