Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Kan àti Òpó Ọkọ̀ Onígbòkun ní Etí Adágún Jábì

Ọkọ̀ onígbòkun ni ọkọ̀ ojú omi tí kì í gbára lé ẹ́ńjìnnì, tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni ó ń tì í lọ nípasẹ̀ aṣọ ńlá tí a ta sára òpó gígùn, ohun tí ó sì mú òpó irú kékeré tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí dúró ṣánṣán ni wáyà mẹ́ta péré: ọ̀kan ní iwájú, àti ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì. Ìdí òpó kò wọlẹ̀ rárá. Ńṣe ni ó kàn jókòó sórí irin, tí wáyà sì ń fà á mọ́ ibẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tí àròkọ yìí dá lé lórí, ẹni tí ó tún jẹ́ òǹkọ̀wé rẹ̀, mọ àlàyé yìí dáadáa, ó sì ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tí kò bi í, kí ó tó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí wáyà iwájú bá jáwọ́.

Irú ọkọ̀ náà ni Hobie 16, èyí tí Hobie Alter, ará Kalifọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní nǹkan bí ọdún 1970. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, tí a fi irin alumínì so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí a sì ta aṣọ líle sáàárín wọn kí atukọ̀ lè rí ibi jókòó. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 5, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 2.41, òpó rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní mítà 8. Èkó ni ilé rẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1932, ti ń fi irú rẹ̀ díje, ẹni tí orí rẹ̀ bá pé ì bá sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́kọ̀ yìí rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ń kó kúrò ní Èkó, ó wọ́ ọ gba Ọ̀wọ̀, Ọ̀kẹ́nẹ́ àti Lọ́kọ́ja dé Àbújá, ìrìn tí ó lé ní kìlómítà 700, ó sì mú un wá sí ìlú tí kò ní òkun, tí kò sì ní ọ̀sà, bí kò ṣe adágún Jábì, omi tí a fi ìsédò kó jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Omi tí ó tóbi jù lọ tí ọkọ̀ náà kọjá nínú ìrìn ọ̀hún ni odò Ọya, orí afárá Murtala Muhammed ni ó sì ti kọjá rẹ̀.

Tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí mọ́tò fi ń fà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké kí wọ́n tó dé Lọ́kọ́ja, nítorí náà òun ni a kọ́kọ́ tún ṣe. Nínú ihò ẹsẹ̀ tírélà kọ̀ọ̀kan ni bẹ́ríngì méjì wà, tí wọ́n rì sínú gíríìsì, tí rọ́bà sì dí ẹ̀yìn wọn kí omi má bàa wọlé. Bí tírélà bá sáré lójú ọ̀nà, ihò náà á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì fẹ̀. Bí a bá wá tì í sínú omi tútù lójijì kí ọkọ̀ lè léfòó kúrò lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á súnkì, á sì fa omi gba abẹ́ rọ́bà wọlé, tí ìpẹtà á fi bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ọ̀nà àbáyọ ni ìdérí onísípíríǹgì tí ó ń ti gíríìsì wọ inú ihò náà nígbà gbogbo, àti sùúrù díẹ̀ ní etí omi kí irin ó tutù. Mẹkáníìkì ọmọ Ìlọrin kan ní Àpò, ní Àbújá, ni ó ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì ṣe é dé ojú àmì: ó ń yí táyà bí ó ti ń fún nọ́ọ̀tì, ó dá nọ́ọ̀tì náà padà díẹ̀ kí bẹ́ríngì lè rí àyè mí, ó ki píìnì bọ ihò rẹ̀, ó sì tẹ ẹsẹ̀ píìnì náà síta. Ó tún yọ bọ́ọ̀lù irin tí tírélà fi ń so mọ́ mọ́tò, ó sì fi èyí tí ó bá ẹnu tírélà mu rọ́pò rẹ̀, nítorí pé mílímítà 50 ni ti àwọn ará Yúróòpù, íǹṣì 2, èyí tí í ṣe mílímítà 50.8, sì ni ọ̀kan tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ìyàtọ̀ tí kò tó mílímítà kan yìí sì tó láti mú kí tírélà máa jó lẹ́yìn mọ́tò. Nígbà tí ó ń nu ọwọ́, ó ní: “Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ píìnì yìí o. Bí kò bá sí píìnì, ẹ gbà pé nọ́ọ̀tì náà ti jábọ́.” Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó sì san owó rẹ̀.

Iṣẹ́ òpó àti wáyà ni ọlọ́kọ̀ fi pamọ́ fún ọwọ́ ara rẹ̀. Wáyà tí a ń lò níbẹ̀ jẹ́ okùn irin 19 tí a lọ́ pọ̀, ọ̀kan ní àárín, 6 yí i ká, 12 sì yí àwọn yẹn ká, irin aláìpẹtà sì ni gbogbo wọn. Irin aláìpẹtà pín sí oríṣi méjì fún iṣẹ́ yìí, 304 àti 316, èkejì sì ní èròjà kan tí ó ń jẹ́ molybdenum, tí kò jẹ́ kí iyọ̀ òkun tètè jẹ ẹ́. Ọlọ́kọ̀ takú pé 316 ni òun yóò rà, fún adágún tí kò ní iyọ̀ kankan nínú. Ó pààrọ̀ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó pààrọ̀ àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí okùn ń gbà kọjá, ó sì pààrọ̀ àwọn píìnì tí a fi ń so wáyà mọ́ ara ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí kò pani lẹ́rìn-ín. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra píìnì tí kò gùn ju ìka ọmọdé lọ láti òkè òkun yóò san owó píìnì, yóò san owó ẹrù tí ó ju owó píìnì lọ, yóò sì tún san ti ẹni tí ó ń bá a gbà á jáde ní ibodè, tí òun náà kò ní gbé fóònù. Lọ́jà Dẹ́í-Dẹ́í ní Àbújá, ènìyàn lè rí gbogbo ìṣó tí a fi ń kan òrùlé ní Nàìjíríà rà, ṣùgbọ́n píìnì òpó ọkọ̀ kò sí. Èyí tí wọ́n sì ń pè ní irin aláìpẹtà fún un, kíá ni mágínẹ́ẹ̀tì gbé e. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí òrùka kan ṣoṣo sọnù, kò sí ibi tí ọlọ́kọ̀ lè sáré lọ.

Òrùka náà nílò àlàyé. Píìnì tí ó so wáyà iwájú mọ́ ọkọ̀ ni ó ń ru gbogbo ẹrù. Ihò tíńtín kan wà ní ìdí píìnì náà, inú ihò yìí ni a sì ń lọ́ òrùka wáyà kékeré kan sí, kí píìnì má bàa yọ́ jáde. Òrùka kò ru ẹrù kankan. Etí adágún Jábì, ní ọjọ́ Àìkú tí èrò pọ̀, ni òrùka ti bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ sínú koríko, lẹ́yìn tí ó sì ti wá a títí, ó fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ro ọ̀rọ̀ náà báyìí pé: nígbà tí òrùka kò ru ẹrù, ohunkóhun tí ó bá lè wọ ihò yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan tí ó ń gbálẹ̀ nítòsí yá a ní ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Ó ki í bọ ihò, ó ṣẹ́ ẹ níbi tí ó gùn jù, ó sì gbóríyìn fún ara rẹ̀.

Ó ṣe àyẹ̀wò kan tí ó yẹ kí a ròyìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa pè é ní aláìbìkítà. Òpó alumínì àti wáyà iná kò gbọdọ̀ pàdé. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iná pa àwọn tí òpó Hobie wọn kan wáyà lókè, ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ Hobie fi bẹ̀rẹ̀, ní àwọn ọdún 1980, sí í fi ohun tí kò gbé iná ṣe orí òpó. Nítorí náà ọlọ́kọ̀ gbójú sókè, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé kò sí wáyà iná kankan lókè. Ó wo ojú sánmà tinútinú. Kánópì mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún fún ìyá kan, kò wọ inú àyẹ̀wò náà.

Òun àti àbúrò rẹ̀ gbé òpó dìde, òpó sì dúró. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀, bóyá ẹyọ ìgbálẹ̀ náà ì bá ṣe ọjọ́ náà já, ṣùgbọ́n àwọn tí ń rìn ní etí omi ti péjọ, àwọn ayàwòrán ti na kámẹ́rà, ọlọ́kọ̀ sì rò pé ó yẹ kí wọ́n rí ìgbòkun iwájú kí ọkọ̀ tó wọ omi. Lórí Hobie 16, wáyà mìíràn wà nínú etí ìgbòkun iwájú, tí ó jẹ́ pé bí a bá fa ìgbòkun náà sókè tí a sì so ó le, òun ni ó ń di òpó mú láti iwájú, tí wáyà iwájú gan-an yóò sì dẹ̀, tí yóò máa mì nínú afẹ́fẹ́ láìníṣẹ́. Bí wáyà náà ṣe ń mì ni píìnì ń mì, bí píìnì ṣe ń mì ni ó ń gé ìgbálẹ̀ jẹ. Kò sí ẹni tí ó rí ìgbà tí píìnì bọ́ sílẹ̀. Òpó ṣì dúró, ìgbòkun ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ọlọ́kọ̀ ń dáhùn ìbéèrè. Nígbà tí ó ṣe tán, ó tú okùn kí ìgbòkun lè wálẹ̀.

Wáyà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kì í jẹ́ kí òpó ṣubú síwájú tàbí sí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń lọ sẹ́yìn, ńṣe ni àwọn náà á dẹ̀ fún un. Òpó Hobie kò yára ṣubú. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀ bí àgbàlagbà tí ó fẹ́ gba ìkíni, ó wá pinnu. Àbúrò ọlọ́kọ̀ pariwo pé, “Bọ̀ọ̀dá, ó ń lọ o!”, ọlọ́kọ̀ náà sì na ọwọ́ méjèèjì sókè sí ohun tí ó gùn ní mítà 8, ìṣesí tí àwọn kámẹ́rà gbà sílẹ̀ dáadáa. Òpó náà kọjá lórí ìdí ọkọ̀, ó sì fi orí lé kánópì àárín. Irin kánópì méjì tẹ̀, aṣọ rẹ̀ sì gba òpó náà mọ́ra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sáàárín kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù àti àga olóyè, tí ohunkóhun kò sì ṣe ẹnikẹ́ni. Orin dákẹ́. Atọ́kùn ètò nìkan ni kò dákẹ́, nítorí pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó má dákẹ́, ó sọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé: “Ẹ jẹ́ ká ṣọpẹ́ o, wọ́n rán ọ̀pá wá láti òkè, wọ́n ní kí Màmá máa fi tilẹ̀ dé ọgọ́fà ọdún!”

Ó ku ohun kan. Wáyà mẹ́rin mìíràn wà lára òpó Hobie, tí atukọ̀ fi ń kọ́ ara rẹ̀ rọ̀ síta ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa dà á dé, ìdí kọ̀ọ̀kan sì ní ọwọ́ ìdìmú àti òrùka irin ńlá. Ọ̀kan nínú òrùka wọ̀nyí ti wọ inú gèlè arábìnrin kan tí ó wọ aṣọ ẹbí, kò sì sí ẹni tí ó ṣàkíyèsí rẹ̀, nítorí náà nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin fi gbogbo agbára gbé òpó dìde kúrò lórí kánópì, gèlè náà bá a gòkè lódindi láìtú, ó sì ń fì lókè orí gbogbo ènìyàn. Ìgbà yẹn ni ìdákẹ́jẹ́ parí.

Ọlọ́kọ̀ dọ̀bálẹ̀ sórí koríko pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì ìdáàbòbò ojú omi lọ́rùn rẹ̀. Ìyá ọlọ́jọ́ìbí ní kí ó dìde, ó ní, “Ọmọ mi, kí lẹ fi nǹkan yìí ń ṣe?” Ó dáhùn pé, “Ọkọ̀ ni, mà. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e.” Ìyá wo adágún, ó wo òpó, ó béèrè pé, “Ní Àbújá?” Ó ní kí wọ́n fún un ní oúnjẹ, ó sì jẹ ẹ́ lábẹ́ kánópì tí ó wó, ní iwájú àwọn tí ó wó o lé lórí. Ọkùnrin kan ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ohun tí ń fa irú èyí ni kí aláwọ̀ dúdú máa ṣe eré òyìnbó, ọlọ́kọ̀ sì fẹ́ sọ fún un pé àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn ń ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán lórí ọ̀sà Èkó láìbéèrè lọ́wọ́ òyìnbó kankan, àti pé òpó tiwọn kì í wó lé olóde, ṣùgbọ́n ẹran wà lẹ́nu rẹ̀, gbólóhùn kejì náà kò sì ní ràn án lọ́wọ́.

Ó san owó irin kánópì méjì, ó san ti gèlè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gèlè náà kò ya. Òrùka tuntun wà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbé fóònù. Ọkọ̀ náà wà lórí búlọ́ọ̀kù ní àgbàlá, tírélà rẹ̀ sì ti di ti gbogbo àdúgbò. Ará ilé kejì fi gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí Àpò, ó gbé e bọ̀, ó sì jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ mọ̀ pé bẹ́ríngì rẹ̀ kò gbóná rárá.