Ẹ̀yin Rewáyà, Kí Ni Fíúsì Ṣe Yín?

Ẹ̀yin rewáyà àdúgbò wa, ìyá onídìrí á gbé dráyà irun dé, á ní, "Bọ̀dá, kò tan mọ́." Ẹ ó tú u, ẹ ó rí nǹkan kékeré kan tí kò ju orí ìka lọ, tó fara ti wáyà tó ń gbóná, ẹ ó já a jù sí gọ́tà. Ẹ ó wá so wáyà méjèèjì pọ̀: "Mọ̀mí, mo ti fún un ní dáyírẹ́ẹ̀tì. Kò ní dà yín láàmú mọ́."

Kò ní dà wọ́n láàmú lóòótọ́. Iná ni yóò dà wọ́n láàmú.

Fíúsì ooru lẹ jù nù yẹn. Bí ooru bá ti kọjá ààlà, á já, á gé iná, kì í sì í jí mọ́. Ẹnìkejì rẹ̀ nínú dráyà ni irin pẹlẹbẹ oríṣi méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá gbóná, ọ̀kan á fẹ̀ ju èkejì lọ, wọ́n á tẹ̀, iná á gé. Bí wọ́n bá tutù, wọ́n á tún padà sípò. Ìyẹn mọ ìgbésí ayé, ó ń bínú, ó ń dárí jì. Fíúsì ni kò gba ẹ̀bẹ̀, òun náà lẹ sì kórìíra.

Ta ló tiẹ̀ pa á? Ẹ bi àǹtí tó dé láti Amẹ́ríkà. Iná 120 fóòtì ni tọ̀hún, tiwa ń sún mọ́ 240. Bí a bá ki dráyà ọ̀hún tó jẹ́ 1,000 wáàtì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, ooru rẹ̀ á fẹ́ẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun ti di èyí tí a lè fi wi orí ewúrẹ́.

Áyọ́ọ̀nù irun ńkọ́? Ojúlówó ní thermistor, ẹyọ kékeré kan tó jẹ́ pé bó ṣe ń gbóná sí i ló ń jẹ́ kí iná púpọ̀ sí i kọjá, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Ayédèrú kọ 230 dígírì gàdàgbà sára, àmọ́ imú onídìrí nìkan ló ń wọn ooru níbẹ̀. Èéfín á sọ, oníbàárà á fò dìde: "Àǹtí, irun mi ń jó!"

"Jókòó jẹ́ẹ́ jàre. Ìpara ni."