Alájì, Kílíìmù àti Ìyá Ẹlẹ́kọ

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ kó gbé e sílẹ̀ ná, nítorí bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, inú mi á wú. Ẹ mọ Alájì onísìmẹ́ǹtì tiwa ní Albarika níbí? Ṣé ẹ rí i pé mi ò dárúkọ? Mi ò dárúkọ o. Bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó máa ń ki rìmóòtù bọ àpò àyà, kódà bó bá ń lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí, kí àwọn ọmọ má baà tan kílíìmù lẹ́yìn òun.

Kílíìmù yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù náà dé, ta ni kò lọ kí i kú oríire? Oṣù kẹta ni, ìgbà tí ooru Parakou kì í jẹ́ kí adìyẹ jáde lábẹ́ igi máńgòrò. A jókòó sí pálọ̀, a ń gba atẹ́gùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kékeré tiẹ̀ lọ wọ súwẹ́tà wá, kí gbogbo wa lè mọ̀ pé òtútù ń mú òun. Ẹ jẹ́ ká fi ti súwẹ́tà sílẹ̀. Òun àti ìyálé ti parí ìjà yẹn.

Tísà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tí o kò lè kí ní "ẹ káàárọ̀" kó má kọ́ ẹ níwèé. Ó ní Willis Carrier, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe irú ẹ̀rọ yìí lọ́dún 1902 fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, nítorí ọ̀rinrin ń ba bébà wọn jẹ́. Alájì ní, "Bébà ni wọ́n ṣe é fún?" Inú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i.

Ó dáa. Ọyẹ́ wá dé. Ẹ mọ ọyẹ́ tiwa, kì í ṣe èyí tó ń yọjú sí àwọn ará Kútọnu tó sì ń padà lọ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá kó má tíì kúrò ní oṣù kejì. Ẹ nu tábìlì láàárọ̀, lọ́sàn-án ẹ lè fi ìka kọ orúkọ sí i. Tísà ní apá púpọ̀ nínú eruku náà ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá àtijọ́ kan ti gbẹ, tí afẹ́fẹ́ wá ń gba àárín òkè méjì kọjá, tó ń hó ilẹ̀ rẹ̀ gbé lọ. Ó ní òmíràn tiẹ̀ ń sọdá òkun dé igbó Amazon ní Brazil. Ìyá Ẹlẹ́kọ ní kó yáa kó ti ojú fèrèsé òun lọ bá wọn.

Ẹ fọkàn sí Ìyá Ẹlẹ́kọ yẹn, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kílíìmù Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Atẹ́gùn rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa tí wọ́n ká sínú àpótí. Owó iná wá ń gòkè. Alájì ní ayé ló rí òun, àwọn tó wá kí òun kú oríire (èmi náà wà níbẹ̀!) ló fi ojú jẹ ẹ́. Ó ní kí wọ́n fi súrà sí i. Wọ́n fi súrà sí i. Kò gbọ́.

Ọjọ́ tí àwọn àna wá tọrọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá burú tán. Alága wọn dìde, ó ń fi ohùn iyọ̀ kí ilé, ló bá di tó! Omi kán sí i lórí. Ó wòkè. Di tó! Ẹ̀yin ará mi, ọkùnrin yìí kò yẹ̀ lójú kan, ó nu orí, ó ní, "Ẹ ò rí i? Òjò ìbùkún ti ń rọ̀." Ta ló lè ní kí wọ́n má fún irú wọn níyàwó?

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pe ọmọ onífiríìjì. Kò gun àga, kò ṣí nǹkan kan, ó fọwọ́ lérán, ó ní, "Gáàsì ti tán, Alájì." Ó dá iye owó kan tí Alájì fi jókòó. Ó ti ń ka owó lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́kọ wọlé láti wá gba gbèsè ẹ̀kọ. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí odindi onísìmẹ́ǹtì fi ń jẹ gbèsè ẹ̀kọ. Àwọn olówó ló ń jẹ ẹ́ jù.

Ìyá wòkè, ó ní, "Níbo ni asẹ́ rẹ̀ wà?"

Ọmọ onífiríìjì dákẹ́. Ìyá ní kó gun àga. Ó ṣí iwájú ẹ̀rọ, ó fa asẹ́ ọ̀hún yọ, háà! Mo débẹ̀, mo fọwọ́ mi kàn án. Eruku ti dì mọ́ ọn bí ẹní, ó nípọn, ó rọ̀, òkú aáyán kan dùbúlẹ̀ láàárín rẹ̀ bí ọba. Bí mo ṣe tì í báyìí, ó ṣí kúrò lódindi, a sì wá rí ihò wínníwínní tó wà lábẹ́.

"Bí asẹ́ ògì mi bá dí," ni Ìyá wí, "ṣé ògì ni mo máa lọ rà?"

Ó fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ nínú báàfù, ó sá a síbòòji, kí oòrùn má baà ká rọ́bà rẹ̀ kò. Wọ́n fọ́n omi sí páìpù tí omi rẹ̀ ń gbà jáde, ọ̀rá dúdú kan tú jáde. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ẹ gbà mí gbọ́, kọ́tìnnì mì! Gáàsì wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Ọmọ onífiríìjì fúnra rẹ̀ wá jẹ́wọ́ pé gáàsì kì í jó tán bí epo, bó bá dín, ó ń jò níbì kan ni. Bí atẹ́gùn kò bá ráyè kọjá ni yìnyín ń dì sínú rẹ̀, tó ń yọ́ lé àna lórí.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Alájì ní ọmọ kan ní Amẹ́ríkà. Nílé tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ kan ló ń fẹ́ gbogbo ilé, atẹ́gùn á gba inú páìpù ńláńlá lókè àjà lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń tẹ ọmọ náà láago pé àwọn á bá a fọ páìpù náà ní owó pọ́ọ́kú, ló bá bi bàbá rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ Alájì, bí ọ̀jọ̀gbọ́n: "O ti wo asẹ́ rẹ̀?"

Tísà tún gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká lọ́hùn-ún, sọ pé kò sí ẹ̀rí pé fífọ páìpù yẹn ń dènà àìsàn, kò sì pọn dandan láti máa fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún. Àfi bí o bá fojú ara rẹ rí i pé ó ti bu nínú, tàbí tí eku tàbí kòkòrò fi ṣelé, tàbí tí eruku dí i débi pé ó ń tú jáde sí yàrá. Ó ní ìjọba wọn tún sọ pé ẹni tó bá pààrọ̀ asẹ́ tó dí sí èyí tó mọ́ lè dín iná tí kílíìmù ń jẹ kù ní 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí nìkan ni Alájì ní kó tún sọ.

Ní báyìí, bí ọyẹ́ bá wà, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń fa asẹ́ yẹn yọ wò. Bí òjò bá ti dé, ó di oṣù kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kílíìmù, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fáànù tí apá rẹ̀ ti hu irun, ẹ dákun, ẹ lọ wò ó lónìí. Bí oníṣẹ́ bá sì wọlé yín tó ń pariwo gáàsì, ẹ gbé àga fún un, ẹ ní kó kọ́kọ́ fa asẹ́ yọ lójú yín kó tó dá owó.