Tíṣà Amọ̀ Tútù

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe sọ amọ̀ di ìbọn ní Igbógìlá, ẹnu mi ni kí ó ti gbọ́ ọ, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn pọ̀ jù, olúkúlùkù wọn ló sì ti fi ata tirẹ̀ sí i, débi pé èyí tí mo gbọ́ kẹ́yìn ní ọjà Ìlaròó, òrùlé ilé-ìwé ni wọ́n ní ó ká lọ. Òrùlé kò ká. Èmi tí mo dá iná náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn ọmọ sì ya wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń wá tíṣà lójú méjèèjì. Nínú ìwákúwàá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí èmi náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ṣòkòtò rẹ̀ gún régé ju ọgbọ́n orí rẹ̀ lọ, wọ́n sì rán mi lọ sí Igbógìlá, lójú ọ̀nà tó ti Ìlaròó lọ sí Ayétòrò, nínú ilẹ̀ tí a ṣì ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà, kí ó tó di Yewa. Àwọn tíṣà tó ṣáájú mi ti pín ìṣirò, Bíbélì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín ara wọn. Ohun tó kù nílẹ̀ ni àwòrán yíyà àti iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín tí ó yẹ kí n ti fura sí.

N kò kà á sí ìyà. Mo ti gbọ́ ìròyìn Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, tí ó kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Èkó ní àwòrán yíyà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì fi Mista Perspective ṣe oríkì rẹ̀, nítorí pé bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú ni orin tó ń kọ ṣáá. Òun náà ló rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray wá láti ìlú òyìnbó ní 1927, Murray yìí ló sì ní kí àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọnà ilé bàbá wọn ná. Kíkà mi kò tíì dé ọ̀dọ̀ Murray. Oríkì Onabolu ni mo fẹ́.

Mo ya títì Ìlaròó sójú pátákó, mo mú etí rẹ̀ méjèèjì lọ títí wọ́n fi pàdé lójú kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń wa lọ́rì dìde, ó ní, “Tíṣà, lọ́rì bàbá mi kò lè gba ibẹ̀ yẹn kọjá.” Mo ní bí ó ṣe rí láti òkèèrè nìyẹn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ní ká má máa purọ́, sà.” Ìbínú ni mo fi kó gbogbo kíláàsì bọ́ sójú títì kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i, ṣùgbọ́n ojú kò tó wọn, kí n tó ṣẹ́jú, ìdajì wọn ti gbé okùn tí a fi ń wọn oko ilé-ìwé, wọ́n ti sáré dé ọ̀hún, wọ́n ń wọn títì, wọ́n sì ń pariwo padà sí mi pé bákan náà ni, bákan náà ni, tí lọ́rì ẹlẹ́rù kan sì dúró síwájú wọn tó ń fun fèrè. Ọ̀gá ilé-ìwé yọ sí wa. Ó bi mí bóyá mo ti gba iṣẹ́ títì mọ́ ti tíṣà ni.

Ibẹ̀ ni ìbá ti tán, ṣùgbọ́n ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Nígbà tí a gbọ́ pé alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, èmi ni mo dìde ní ìpàdé àwọn tíṣà, mo ní ìkòkò tí kíláàsì mi mọ, tí a sì sun fúnra wa, ni a ó fi kí i káàbọ̀. A wa amọ̀ létí odò. Àwọn ọmọ mọ ìkòkò, wọ́n mọ ẹran, wọ́n mọ lọ́rì. Ẹnì kan sì mọ orí tèmi, ó fún un ní imú tí mo rò nígbà náà pé ó pọ̀ jù. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, amọ̀ kò gbẹ, ọjọ́ sì pé. Bí mo ti ń to igi, ọmọbìnrin kan tí ìyá àgbà rẹ̀ ń mọ ìkòkò tà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Tíṣà, ó ṣì tutù. Ìyá àgbà mi kì í sun ún báyìí.” Mo bi í pé nínú èmi àti òun, ta ni tíṣà? “Ẹ̀yin ni, sà.” Ó dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn igi àgbálùmọ̀, àwọn ìyókù sì tẹ̀ lé e láìsí ẹni tó rán wọn. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ń gé igi nínú igbó, àgbà ní í mọ ibi tí yóò wó sí. Lọ́jọ́ yìí, àgbà ló ń gé e.

Omi tó wà nínú amọ̀ di oru, oru wá ọ̀nà, kò rí, ó bá la ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ìkòkò àkọ́kọ́ bú gbàù. Èkejì gbè é. Lẹ́yìn náà, wọn kò dúró de ara wọn mọ́: ewúrẹ́ ọ̀gá já okùn, àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ da ara rẹ̀ délẹ̀, ó ń bẹ àwọn ọdẹ kí wọ́n jọ̀ọ́, ní tèmi, ẹ̀yìn igi àgbálùmọ̀ ni mo bá ara mi, àwọn ọmọ sì sún fún mi. Àárín ariwo yìí ni ọkọ̀ alábẹ̀wò yà wọlé. Nígbà tí a wá inú eérú, ohun kan ṣoṣo ló jiná dáadáa tí kò fọ́. Alábẹ̀wò mú un, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó bi ọ̀gá ilé-ìwé pé kí nìyí. Ọ̀gá wò ó, ó wò mí.

“Imú tíṣà ni, sà.”

Ìyá àgbà ọmọ náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lẹ́yìn náà. Kò bá mi wí, ó kàn ní, “Ọmọ mi, jókòó.” Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ. Ó gún àfọ́kù ìkòkò títí ó fi kúnná, ó sẹ́ ẹ, ó pò ó mọ́ amọ̀, ó ní òun ló ń yànà fún omi. Ó da ìkòkò àtijọ́ kan dojú délẹ̀, ó tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì ń rìn yí i ká, ẹ̀yìn ló fi ń rìn, ìkòkò kò mira. Inú òjìji ni wọ́n gbé e sí títí, kí oòrùn tó rí i, kí iná tó rí i. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọbìnrin yẹn ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ẹgba ìbá sàn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án, Ẹ̀fẹ̀ ní í kọ́kọ́ fi òru korin láàárín ọjà, kò sì sí olóyè tàbí ọlọ́pàá tí ẹnu rẹ̀ kò lè bà. Ọdún 2001 ni àjọ UNESCO tó kéde ìran náà fún gbogbo ayé. Imú mi ti débẹ̀ ṣáájú wọn. Nígbà tí ọdún dé, Ẹ̀fẹ̀ kì mí ní ọmọ a-fi-amọ̀-tútù-dáná, ọmọ a-sun-ìkòkò-lé-alábẹ̀wò-lọ, ó wá dá orin, gbogbo ọjà gbè é:

Tíṣà sun ìkòkò, ìkòkò ń yìnbọn,
Ẹ bá mi bi í, imú ẹ̀ dà?

Wọ́n ní ojú tó wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, ṣùgbọ́n tèmi kò tíì dópin, nítorí lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jó bọ̀ ru ère tíṣà kan sórí, tòun ti pàṣán àti táì, tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, ojú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ láti iwájú orí dé ẹnu. Ọ̀gá ilé-ìwé rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó pè mí, ó ní òun ti bá agbẹ́gilére náà sọ̀rọ̀, yóò máa wá kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ igi ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Mo ní ó dára, sà. Kí ni èmi yóò wá máa ṣe?

Ó ní, “Bẹ́ǹṣì rẹ ṣì wà níbẹ̀.”