Mo Fẹ́ Rí Òkú Kòkòrò

Ìyá tó ta ẹ̀wà olóyin fún mi ní ọjà Bódìjà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ọ̀rá méjì ló wà nínú àpò tó kó o sí, ọ̀kan nínú èkejì. Ó da ẹ̀wà sínú wọn, ó tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ó so ọrùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá so àpò ìta. "Kọ́sítọ́mà mi, ẹ má tú u o. Ẹ jẹ́ ó pẹ́."

Ta ló ń kọ́ mi? Mo ti kà nípa àpò yẹn. PICS ni orúkọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará Kamẹrúùnù ló jọ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, torí ẹ̀wà gan-an. Kò sí oògùn nínú ẹ̀. Kòkòrò tó bá bá ẹ̀wà wọlé á mí títí afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò ní lè jẹun mọ́, kò ní lè bímọ, á gbẹ, á kú. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà gbé e sí kọ̀rọ̀." Èyí tí a ó kọ́kọ́ sè ti wà nínú ike lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí òkú. Tí ilé bá ti sùn, mo ń yọ́ lọ tú okùn, mo ń tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Kòkòrò ń yan fanda. Màá ní olóríkunkun ni wọ́n, màá tún so ó. Alaalẹ́ ni mò ń gbé afẹ́fẹ́ tútù lọ fún wọn bí ẹni ń gbé oúnjẹ lọ fún ẹlẹ́wọ̀n, kò sì sọ sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí ẹ̀wà di kìkì ihò, mo fi ìbínú padà sí Bódìjà. Ìyá náà gbọ́ ẹjọ́ mi tán.

"Ẹ tú u àbí ẹ ò tú u?"

"Mo kàn ń yọjú ni, Mà."

Gbogbo ìsọ̀ ẹ̀wà ló bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bèèrè bóyá mo ti sọ àwọn kòkòrò náà lórúkọ.

Ìyàwó mi da ẹ̀wà sómi, ó da èyí tó léfòó nù, ó fi ìyókù se gbẹ̀gìrì. Àwọn ọmọ kọ̀, wọ́n ní àwọn ò jẹ ẹran Dádì. Àpò tuntun ti dé báyìí. Ìyàwó mi ló mọ ibi tó gbé e sí.